Ọjọ́ Mẹ́fà Pẹ̀lú Fíìmù àti Àpérò: Èkó, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Àjàṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, Èkó

Fíìmù là ń gbé kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, a sì ń ṣe àpérò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé e lórí. Aago 2 ọ̀sán la já ẹrù sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́. Aago 7 alẹ́ ni fíìmù máa bẹ̀rẹ̀. Wákàtí 5 yẹn kò pọ̀ rárá: 1 fún iná, 1 fún àwòrán, 2 fún ohùn, 1 tó kù jẹ́ ti ohun tó bá ṣàdédé bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dín àkókò kù, kó má mú un lára ti ohùn. Òǹwòran á fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó ti fíìmù tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, bó ti wù kí àwòrán náà mọ́lẹ̀ tó.

Ẹrù inú ọkọ̀ nìwọ̀nyí: pírójẹ́kítọ̀ kan tó ní lúménì 5,000 (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀), aṣọ àwòrán tó fẹ̀ ní mítà 3, sípíkà 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè tirẹ̀ nínú, míkísà kékeré (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀), maíìkì 3, kọ̀ǹpútà alágbèéká 2, UPS kan tó jẹ́ 1.5 kVA (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró díẹ̀ bí iná bá lọ), jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA, wáyà iná tó gùn ní mítà 30, àti yáàdì 40 aṣọ dúdú tó nípọn. Tépù tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀, rólù 4, nítorí gbọ̀ngàn òkùnkùn tí wáyà bá nà gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan á ṣubú dandan.

Iná la kọ́kọ́ ṣírò. Pírójẹ́kítọ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 450, kọ̀ǹpútà 90, sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti míkísà kò ju 400 lọ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ déédéé. Lápapọ̀, kò pé 1,000. Jẹnẹrétọ̀ yẹn gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ibi tí wàhálà wà ni ìṣẹ́jú tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì gbà á. Bí iná bá kú lójijì lórí pírójẹ́kítọ̀ onígílóòbù, fáànù inú rẹ̀ á dúró nígbà tí gílóòbù ṣì gbóná janjan, irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ ló ń gé ẹ̀mí gílóòbù kúrú. Ohun tí UPS wà fún nìyẹn. Pírójẹ́kítọ̀ àti kọ̀ǹpútà nìkan la so mọ́ ọn. Bí sípíkà bá bá wọn mu nínú rẹ̀, bátìrì á tán kí ẹnikẹ́ni tó sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, níbi tí wáyà mítà 30 gùn dé, kí ariwo àti èéfín má bàa wọlé.

Àwòrán: pírójẹ́kítọ̀ wa jẹ́ oní 1.5, ìyẹn ni pé fún mítà 1 tí àwòrán bá fẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí aṣọ ní mítà 1.5. Aṣọ mítà 3, ìjìnnà mítà 4.5. A gbé e sórí tábìlì gíga láàárín gbọ̀ngàn. Bí àwòrán bá wọ́, tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má ṣe yára tẹ bọ́tìnnì tó ń tọ́ ọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sókè tàbí kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kojú aṣọ gan-an. Bọ́tìnnì yẹn ń gé lára àwòrán ni, ó sì ń sọ lẹ́tà kékeré di bàìbàì, lẹ́tà kékeré yẹn sì ni ìtumọ̀ tí àwọn òǹwòran fẹ́ kà.

Gbọ̀ngàn náà ní fèrèsé lúfà lọ́tùn-ún lósì. Oòrùn Èkó kì í pẹ́ ju nǹkan bí aago 7 lọ láìwọ̀ nígbàkígbà nínú ọdún, nítorí náà fíìmù alẹ́ kò nílò aṣọ dúdú rẹpẹtẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, àfi kí a fi aṣọ bo fèrèsé ní ìlọ́po méjì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ́ wọlé ló ń pa àwòrán. Lúménì 5,000 lórí aṣọ mítà 3 pọ̀ tó, síbẹ̀ oòrùn aago 3 á sọ dúdú inú àwòrán di eérú.

Lẹ́yìn fíìmù, àpérò alẹ́ náà dá lórí ẹni tó ń ròyìn ayé fún ayé. Ní 1980, ìgbìmọ̀ kan tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbé kalẹ̀, tí Seán MacBride ará Ireland jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìwé jáde lórí bí ìròyìn ṣe ń ṣàn láti ìlú àwọn alágbára sí ìlú àwọn tí kò ní, tí ti àwọn wọ̀nyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn padà. Fred Omu láti Nàìjíríà wà lára ìgbìmọ̀ náà. Àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e wà lára ohun tó mú Amẹ́ríkà kúrò nínú UNESCO ní ìparí 1984, tí Bìrìtìkó sì tẹ̀lé e ní 1985. Láàárín àsìkò kan náà ni àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ń dá ilé iṣẹ́ ìròyìn tiwọn sílẹ̀: NAN (News Agency of Nigeria) tiwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, PANA, ti gbogbo Áfíríkà, tó fi Dakar ṣe ibùjókòó bẹ̀rẹ̀ ní 1983.

Ọ̀rọ̀ yìí á di ìwé kíkà lásán bí a kò bá fi nǹkan hàn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, kí a wá ìròyìn mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ mẹ́ta kọ nípa rẹ̀, kí a gbé wọn sórí aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ka ohun mẹ́ta péré: ìlú wo ni wọ́n ti kọ ọ́, ẹnu ta ni wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, èdè wo ni ẹni náà sọ kí wọ́n tó tú u. Ìbéèrè kẹta yẹn ni gbọ̀ngàn máa ń dákẹ́ sí. Ìròyìn púpọ̀ kì í tilẹ̀ sọ pé a tú ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Èkó sí Ìbàdàn

Aago 6 àárọ̀ la gbéra, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Pírójẹ́kítọ̀ kì í wọ búùtù pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀: orí fóòmù ló ń jókòó, nínú ọkọ̀, lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Epo gbọ́dọ̀ tán pátápátá nínú jẹnẹrétọ̀ kó tó wọkọ̀.

Ìyókù ọjọ́ náà, iṣẹ́ fáìlì la fi ṣe. Fíìmù tó kàn wá lórí háàdì dísìkì gẹ́gẹ́ bíi DCP, èyí tí ilé sinimá ńláńlá ń lò. DCP kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo. Àpò ni: àwòrán lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, sọbutáítù (ìtumọ̀ tó ń hàn lábẹ́ àwòrán) lọ́tọ̀, pẹ̀lú àwọn fáìlì kéékèèké tó ń sọ bí wọ́n ṣe so pọ̀. Dísìkì tí wọ́n fi ń rán an sábà máa ń jẹ́ ti Linux, ext2 tàbí ext3. Bí ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà oní-Windows, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, á sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun fọ dísìkì náà mọ́. Ẹ má ṣe tẹ bẹ́ẹ̀ ni o. Fíìmù wà níbẹ̀ digbí. Kọ̀ǹpútà ni kò lójú tó lè fi rí i.

Èyí tó le jùyẹn lọ ni DCP tí wọ́n ti tì pa. Irú rẹ̀ kì í ṣí láìsí KDM, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí wọ́n fi í-meèlì rán. KDM mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó sì ní ọjọ́ àti wákàtí tó máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa parí. Gbọ̀ngàn yunifásítì tí kò ní ẹ̀rọ ilé sinimá kò ní bá a ṣe, bó ti wù kí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gbọ́n tó. Ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ ló yẹ kí a ti kọ̀wé sí ẹni tó ni fíìmù pé fáìlì H.264 tàbí ProRes, irú èyí tí kọ̀ǹpútà lásán lè tẹ̀, la fẹ́. Tiwa kò ní àgádágodo, nítorí náà ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DCP-o-matic ṣí i, ó sì sọ ọ́ di H.264. Ó gbà tó wákàtí mẹ́rin gbáko.

Ìwọ̀n fáìlì ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Fíìmù ìṣẹ́jú 90 ní mẹ́gábíìtì 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ́ gígábáìtì 13.5. Fíláàṣì tí wọ́n ṣe ní FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú rẹ̀) kì í gba fáìlì tó bá ju gígábáìtì 4 lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ á dúró láàárín ọ̀nà, ẹni tó ń dà á kọ á rò pé fíláàṣì ló bàjẹ́. Ọ̀nà tuntun, exFAT, ni kí ẹ lò. Ẹ̀dà mẹ́ta la ṣe: kọ̀ǹpútà kìíní, kọ̀ǹpútà kejì, fíláàṣì kan tó wà nínú àpò ẹlòmíràn.

Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, sọbutáítù bá ọ̀rọ̀ mu ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti yà díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20, nígbà tí a dé òpin ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀ yà. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ kàn sún gbogbo rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bó bá ń fẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀, fírémù, iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló yàtọ̀: orí ẹ̀dà oní fírémù 25 ni wọ́n ti ṣe sọbutáítù náà, fáìlì tiwa sì ń lọ ní 24. Ohun tí ẹ̀dà oní 25 fi ìṣẹ́jú 86 àti díẹ̀ sọ, tiwa ń fi 90 sọ ọ́. Ètò Subtitle Edit ní ibi tí wọ́n ti ń yí 25 padà sí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, òpin. Ẹni tó bá wo ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, iwájú èrò ni àṣìṣe yẹn á ti bá a.

Ọjọ́rú, Ìbàdàn

Ohùn ni gbogbo ọjọ́ yìí. A tẹ fíìmù, orin kún gbogbo gbọ̀ngàn, ẹ̀fúùfù ń fẹ́, adìyẹ ń ké, àwọn òṣèré sì ń la ẹnu láìsí ọ̀rọ̀ kan tó jáde. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà tu. Wáyà kọ́. Ohùn fíìmù náà jẹ́ 5.1, ìyẹn ọ̀nà ohùn mẹ́fà, ọ̀nà àárín sì ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Ètò tí a fi ń tẹ fíìmù mú ọ̀nà òsì àti ọ̀tún nìkan fún sípíkà, ó fi ti àárín sílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a po mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di méjì nínú fáìlì gan-an kí a tó kúrò nílé. Pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ffmpeg, àṣẹ -ac 2 ló ń ṣe é, àwòrán á sì wà bó ṣe wà bí a bá ní kó kàn da àwòrán kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà gbà, ó sì tó láti ba alẹ́ kan jẹ́ bí a bá mọ̀ ọ́n ní aago 7.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkùn: ohùn kan tó ń kùn hùùù lábẹ́ gbogbo nǹkan. Iná ló ń bá ohùn rìn nítorí pé kọ̀ǹpútà wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, míkísà wà ní òmíràn ní òdìkejì gbọ̀ngàn. Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà. Bí ìkùn bá dá, ibẹ̀ ló ti wá. A bi olùṣọ́ gbọ̀ngàn pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló ń ṣiṣẹ́ níwájú níbí?" Wọ́n nawọ́ sí èyí tó wà lẹ́yìn pèpéle. A so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ́tẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ìkùn sì dákẹ́. Ó yẹ kí a ti bi Bàbá kí a tó tú ẹrù. Olùṣọ́ gbọ̀ngàn mọ ohun tí ìwé kankan nípa gbọ̀ngàn náà kò kọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìró tó ń padà. Ilẹ̀ táìlì, ògiri kọnkéré, òrùlé gíga: ọ̀rọ̀ kan á jáde, á lu ògiri, á padà wá bá èyí tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ á yí ohùn sókè, ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ gbé sípíkà sí gíga ju orí ènìyàn lọ, ẹ dojú rẹ̀ kọ àwọn tó jókòó, kì í ṣe ògiri ẹ̀yìn. Ẹ dín ohùn tó wà láàárín 200 sí 400 Hz (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sílẹ̀ tàbí sókè tó) kù díẹ̀ lórí míkísà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń wú bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Sípíkà méjì tó kù, ẹ gbé wọn sí àárín gbọ̀ngàn, kí ẹ sì mú kí ohùn wọn pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde: ohùn ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mítà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 3. Bí wọ́n bá fi mítà 15 jìnnà sí ti iwájú, mílísẹ́kọ́ǹdì 44. Láìsí ìdádúró yìí, àwọn tó wà lẹ́yìn á gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí a tò ó tán, ẹnì kan rìn yí gbọ̀ngàn ká pẹ̀lú etí nìkan, láìwo àwòrán, ó ń tún ohun tó gbọ́ sọ. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ la ti padà sí ìdí míkísà. Òfìfo gbọ̀ngàn kì í dún bí èyí tó kún. Ara ènìyàn ń gba ohùn mu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí míkísà má kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀.

Ìlú yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti wáyé. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Kí kámẹ́rà tó dé, àwọn òṣèré alárìnkiri, Hubert Ogunde pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀lé e, ti ń gbé eré láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí fíìmù dé, àwọn náà ló gbé e dání. Àjàní Ògún tí Ola Balogun ṣe pẹ̀lú Ade Love jáde ní 1976, Ogunde gbé Ayé jáde ní 1979. Sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń lò nígbà náà, wọ́n sì ń gbé rólù fíìmù kiri, bí a ṣe ń gbé fáìlì kiri lónìí.

Ibo ni rólù wọ̀nyẹn wà báyìí? Ọ̀rọ̀ tó ń dunni nìyí. Fíìmù onísẹ́lúlọ́ìdì ásétéètì kò fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin, orílẹ̀-èdè wa sì ní méjèèjì lọ́pọ̀lọpọ̀. Bó bá ti ń bàjẹ́, ẹ máa gbọ́ òórùn fínígà nígbà tí ẹ bá ṣí agolo rẹ̀, òórùn kíkan tó ń ta ènìyàn nímú. Lẹ́yìn náà ló ń súnkì, tó ń wọ́, tó ń ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ kíkan náà ń ran agolo tó wà nítòsí rẹ̀, nítorí náà èyí tó bá ti rùn gbọ́dọ̀ kúrò láàárín àwọn tó kù. Ìròyìn rere wà pẹ̀lú o: Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Hausa ní 1976, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti sọnù, wọ́n rí i nínú ibi ìkó-fíìmù-sí ní Jos, wọ́n tún un ṣe ní Bẹ̀rìlíìnì, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti béèrè bí ènìyàn ṣe lè wá fíìmù tó sọnù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé àwọn tó ṣe é. Ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ ìfọfíìmù tó wà lára agolo, nítorí òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nẹ́gátíìfù, ojúlówó tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà jáde, sì lè wà níbẹ̀ di òní.

Ọjọ́bọ̀, Ifẹ̀

Ìtumọ̀ abẹ́ àwòrán la wá ṣe níbí, òun ló sì gba ọjọ́ náà tán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ohùn. Nígbà tí a fi fíláàṣì bọ pírójẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ kó tẹ fíìmù pẹ̀lú sọbutáítù Yorùbá, àpótí kéékèèké ló hù níbi tí ẹ́ àti ọ̀ yẹ kí ó wà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ tó ní àmì lórí kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kóòdù méjì ló para pọ̀ ṣe é, lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì orí rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀kan lé èkejì lórí á já wọn sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó kọ fáìlì náà tọ́jú rẹ̀ láìlo UTF-8 (ìlànà kóòdù tó gba lẹ́tà gbogbo èdè), àmì ìbéèrè lásán lẹ máa rí, ohun tó sọnù kò sì ní padà, àfi kí wọ́n tún un tẹ̀. Ọ̀nà tó dájú: ẹ tọ́jú rẹ̀ ní UTF-8, ẹ lo fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá, bíi Noto Sans tàbí Charis SIL, kí ẹ sì tẹ ìtumọ̀ náà mọ́ àwòrán pátápátá kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Ohun tó ti wọ inú àwòrán, kò sí ẹ̀rọ tó lè já a.

Ìwọ̀n: ìlà kan kì í ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà méjì ló pọ̀ jù, kò gbọ́dọ̀ yára ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ, kò sì yẹ kó dúró ju 7. Òǹkàwé ń ka nǹkan bíi lẹ́tà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe sí òwe. Bí àgbà kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 pa òwe, lẹ́tà 30 ni olùtumọ̀ ní. Kò lè tú òwe kó sì tún ṣàlàyé rẹ̀. Àfi kó yan ọ̀kan: àwòrán inú òwe, tàbí ohun tí òwe ń wí. Èrò tiwa ni pé kó fi àwòrán sílẹ̀ bí ojú òṣèré bá ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó sì mú ìtumọ̀ nígbà tí ìtàn máa yí lórí òwe náà.

Ìkíni tún le ju òwe lọ. "Ẹ kú ewu ọmọ" tí wọ́n kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ di Congratulations nínú sọbutáítù Gẹ̀ẹ́sì. Ewu ti jáde nínú rẹ̀. Bí ìyá náà bá wá kú ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn náà, òǹwòran tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé wọ́n ti dárúkọ ewu náà lójú rẹ̀.

Èyí tó wá fa àpérò gígùn ni ìlù. Nínú fíìmù Yorùbá, dùndún ń sọ̀rọ̀. Ó lè kìlọ̀ fún ọba kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Sọbutáítù a sì kọ "ìlù ń dún". Àwọn olùtumọ̀ ní ìdí kan o: ohùn nìkan ni ìlù gbé, kò gbé lẹ́tà. "Kò ní dáa fólè" jẹ́ dò mí mí re mí dò lójú awọ. "Òjó fẹ́ lọ sọ́jà" náà jẹ́ dò mí mí re mí dò. Ẹni tó wà lóko kò lè fi etí nìkan mọ̀ ọ́n. Ẹni tí onílù kọjú sí, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ibi tí wọ́n dúró, àwọn ló ń sọ èyí tó ń wí. Nítorí náà kí olùtumọ̀ wá ọmọ Àyàn, kó fi ibi tí ìlù wà nínú fíìmù hàn án pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, kó má kàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Eré tí a ṣe nínú kíláàsì: ẹ gé ìṣẹ́jú mẹ́ta níbi tí ìlù bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi hàn láìsí sọbutáítù, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ fi hàn lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú sọbutáítù Gẹ̀ẹ́sì láìsí ohùn rárá, kí wọ́n tún kọ ohun tí wọ́n lóye. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn àti sọbutáítù pọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ àti ìwé kejì kì í jọra. Àlàfo tó wà láàárín ìwé méjì yẹn ni kí a fi wákàtí àpérò jíròrò lé lórí, ó sàn ju kí a máa bi wọ́n bóyá fíìmù náà dùn.

Iṣẹ́ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó dá Colonial Film Unit, ẹ̀ka tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, sílẹ̀ ní 1939, William Sellers tó jẹ́ olórí rẹ̀ ti ń lo fíìmù fún ọ̀rọ̀ ìlera ní Nàìjíríà ṣáájú. Ọkọ̀ sinimá wọn máa ń gbé pírójẹ́kítọ̀, jẹnẹrétọ̀, sípíkà, pẹ̀lú ògbufọ̀ kan tó ń di maíìkì mú, tó ń sọ fíìmù náà ní èdè àwọn tó jókòó. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó sọ. Ṣùgbọ́n ní pápá, lálẹ́, lẹ́nu ògbufọ̀ yẹn ni fíìmù wà.

Ọjọ́ Ẹtì, Ifẹ̀ sí Èkó

Kò sí fíìmù lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò ní ọjọ́ Ẹtì, kó fi aago 1 sí 2:30 ọ̀sán sílẹ̀ fún Jímọ̀, kó sì má fi sí orí ìwé ìpolówó pé "ìsinmi", kó kọ Jímọ̀ síbẹ̀ gbangba.

Ìwé la tò. Ti fíìmù: lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tó dárúkọ ọjọ́, ibi, iye ìgbà tí a máa fi hàn, àti pé a kò gba owó ìwọlé. Owó oṣù tí ènìyàn ń san fún Netflix kì í ṣe àṣẹ láti fi fíìmù han gbọ̀ngàn. Ilé ẹni ló wà fún. Ti ẹnubodè tí a máa gbà wọ orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Àjàṣẹ́ wà: àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀rọ pẹ̀lú nọ́ńbà ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà mẹ́ta, rìsíìtì tí a fi rà wọ́n, lẹ́tà ìpè tí wọ́n kọ ní Faransé, ìwé ìrìnnà, káàdì yẹ́lò. Àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ nígbà tí a bá ń jáde ní Nàìjíríà. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, tí a bá ń padà bọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù lè ní kí a san owó lórí ẹ̀rọ tiwa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àjàṣẹ́

A gba Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Gbogbo ẹrù la tú sílẹ̀ kí wọ́n fi ojú wò ó pẹ̀lú àkọsílẹ̀, ó gba wákàtí méjì. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, jẹ́ ìlú tí Gùn, Yorùbá àti Faransé ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú pópó. Fóòtì iná ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, imú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yàtọ̀: tiwa jẹ́ pẹlẹbẹ mẹ́ta, tiwọn jẹ́ róbótó méjì. Ẹ ra adápítà tó ní ibi ilẹ̀ nínú. Èyí tí kò ní in á dá ìkùn ọjọ́rú padà.

Òǹwòran ibẹ̀ pín sí mẹ́ta, èyí tó gbọ́ Yorùbá tààrà, èyí tó ka Faransé, àti èyí tó ń ṣe méjèèjì tó ń fi ìkan yẹ èkejì wò. Àwọn ìkẹta yìí ni olùkọ́ tó dára jù fún olùtumọ̀. Faransé máa ń gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí náà ìlà tó gba Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣẹ́jú àáyá 2 lè máà gbà á. Ẹ má ṣe tú sọbutáítù Faransé láti inú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti gé kúrò kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti tú.

Àṣìṣe kan tó hàn lálẹ́ yẹn tọ́ sí àkọsílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 12, òṣèré kan sọ pé, "Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́la." Faransé kọ mon petit frère. Ní ìṣẹ́jú 41, àbúrò náà dé, obìnrin ni. Yorùbá kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò sì sí ìdí kó sọ. Faransé gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, olùtumọ̀ sì yàn kó tó wo fíìmù náà dópin. "Ó" tó wà nínú gbólóhùn mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ti di il pẹ̀lú. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó ní ìlà kejì gba maíìkì nígbà àpérò, wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ ọ́ di ọkùnrin láti àárọ̀." Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì náà lójú gbogbo èèyàn, ó yí frère sí ma petite sœur, ó yí il mẹ́rin sí elle, ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun kí ti àtijọ́ má bàa tún wọlé. A fi ibẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà la pa gílóòbù, a jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà.